Ìdí Tí Ẹ̀ka Tí A Gé Gbìn Fi Ń Kú, àti Bí A Ṣe Lè Mú Un Yè

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Èèyàn rí òdòdó tó wù ú, ó gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, ó gún un sínú ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, ó sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé ti rọ. Ó tún fi omi kún omi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí ẹ̀ka náà ti dúdú, ó ti ń rùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni náà á wá sọ pé ohun ọ̀gbìn kì í yè lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ ẹni náà. Ibi tí omi yẹ kó wà ni wọn kò sọ fún un.

Ẹ̀ka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò ní gbòǹgbò, gbòǹgbò sì ni ohun ọ̀gbìn fi ń mu omi. Ojú ibi tí a gé nìkan ló kù tó lè fa omi díẹ̀ wọlé, ìyẹn náà sì ń dí bí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń jinná. Ṣùgbọ́n ewé tó wà lókè kò dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Omi ṣì ń gba ihò wínníwínní ara rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà lára igi ìyá. Ó dà bí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìnáwó ilé rẹ̀ kò dín kù: èyí tó wà nípamọ́ ló ń ná, tó bá sì tán kí iṣẹ́ mìíràn tó dé, wàhálà dé nìyẹn. Gbogbo ohun tí à ń ṣe sí ẹ̀ka gígé, láti aago tí a gé e títí dé ibi tí a gbé e sí, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló wà fún: kí omi tó ń jáde lára ewé lè dín kù, tàbí kí gbòǹgbò lè tètè yọ. Omi tí à ń rọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kàn ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ka ni, ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá sì sí ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó yí ewé ká ló yẹ kó kún fún omi. Ilẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀ka, kó kàn rin ni.

Ọjọ́ orí ẹ̀ka

Ẹ̀ka rírọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ni ẹ̀ka rírọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣìnà níbí, torí wọ́n á gbọ́ bí a ṣe ń gbin irú ẹ̀ka kan, wọ́n á lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ka tí ọjọ́ orí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo igi ẹ̀gẹ́ tí à ń gé gbìn. Ó ti gbó, ó le, kò sì ní ewé lára. Oúnjẹ wà nípamọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ewé tí omi máa bá jáde, nítorí náà ó lè dúró nínú oòrùn títí yóò fi hù. Ẹ̀ka tó gbó nìyẹn. Èyí tó wà láàárín ni ẹ̀ka tí ìdí rẹ̀ ti ń le ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ̀ka rírọ̀ ni àbíkẹ́yìn wọn: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní àsìkò yìí, àwọ̀ ewé ló ní láti orí dé ìdí, kò tíì ní èèpo igi, ewé orí rẹ̀ sì kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ ẹ̀ka náà láàárín ìka. Tó bá ṣẹ́ lójijì, tí ẹ sì gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹ́, ó ti tó gé. Tó bá kàn ń tẹ̀ ṣáá tí kò ṣẹ́, ó ṣì kéré jù. Yóò rọ, yóò sì jẹrà kó tó ronú gbòǹgbò. Tó bá ń bá ọwọ́ yín jà, tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀ tó tún nà padà, ó ti ń di igi. Ìyẹn náà lè yè o, àmọ́ yóò pẹ́ jù báyìí lọ.

Níbi tí òtútù líle ti máa ń wà lọ́dọọdún, oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀lé ìgbà tí ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ni àsìkò rẹ̀. Níbi tó jẹ́ pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló pín ọdún, ìgbà tí òjò ti mú kí ọ̀mùnú tuntun yọ dáadáa ló dára jù. Ẹni tí kò fẹ́ dúró de àsìkò lè pe àsìkò wá: kó rẹ́ igi ìyá lórí, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ka rírọ̀ yóò sì yọ níbi tó ti rẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí pé ẹ̀ka tó bá yọ lẹ́yìn rírẹ́ máa ń lágbára, ó sì máa ń yọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀ka rírọ̀ ló ń tètè yọ gbòǹgbò jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun náà ló sì ń tètè kú jù. Ìdí kan náà ló fa méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n ṣì ń pín, wọn ò tíì yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe títí ayé, nítorí náà ó rọrùn fún wọn láti yí padà di gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tín-ín-rín, oúnjẹ tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, omi sì ń tètè tán lára rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ka

Báwo ni ohun tó jẹ́ ẹ̀ka láàárọ̀ ṣe ń di ohun tó ní gbòǹgbò? Lórí ẹ̀ka gan-an, níbi tí ọ̀mùnú wà, àti nínú ewé kéékèèké, ni ohun ọ̀gbìn ti ń ṣe họ́mọ̀ọ̀nù kan, ìyẹn kẹ́míkà tó fi ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní auxin. Òkè ló ti ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka ṣì wà lára igi ìyá, ńṣe ni auxin yìí ń kọjá lọ. Tí a bá gé ẹ̀ka, ọ̀nà rẹ̀ já, ó sì ń kó jọ síbi tí ọ̀bẹ gbà. Bó ṣe ń kó jọ síbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ inú ẹ̀ka ń gba àṣẹ láti pa iṣẹ́ àtijọ́ tì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín, kí wọ́n sì kọ́ gbòǹgbò.

Frits Went, ará Netherlands, ló fi èéhù ọkà oat hàn ní 1926 pé nǹkan kan ń ti orí èéhù sọ̀ kalẹ̀ tó ń mú kó dàgbà. Nǹkan náà ni wọ́n wá ń pè ní auxin. Ní 1935, Zimmerman àti Wilcoxon ní Boyce Thompson Institute ní Amẹ́ríkà jẹ́ kó di mímọ̀ pé indolebutyric acid àti àwọn kẹ́míkà mélòó kan tó jọ auxin ń mú kí gbòǹgbò yọ lára ẹ̀ka. Indolebutyric acid yẹn ni IBA tí ẹ ń rí lára àtíkè tí wọ́n ń tà fún ẹ̀ka gígé lónìí.

Nǹkan méjì ló ti ibẹ̀ jáde tó yẹ kí a rántí nígbà tí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ wa. Èkíní, ẹ̀ka mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò gbìn ín, auxin kò ní yí ọ̀nà padà nítorí yín. Ibi tó mọ̀ sí ìdí ló máa forí lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ló wà báyìí. Ẹni tó bá ń gé ẹ̀ka púpọ̀, kó gé ìdí ní dídagun, kó gé orí ní títẹ́jú, kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ ọn lójú. Èkejì, ewé tó kù lókè wúlò. Òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, òun náà ló ń fi auxin ránṣẹ́. Ẹ̀ka rírọ̀ tí a já gbogbo ewé lára rẹ̀ nítorí kí omi má bàa jáde kò ní oúnjẹ, kò ní auxin, kò sì ní ohun tó máa gbé e dé ọjọ́ gbòǹgbò.

Kókó kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń wú nídìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nǹkan funfun kan tó ní kókókókó á bo ojú ibi tí a gé. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe gbòǹgbò. Àpá ọgbẹ́ ni. Ẹ̀ka mìíràn ń yọ gbòǹgbò láìní i, òmíràn sì lè ní i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìyọ gbòǹgbò kankan. Ó kàn fi hàn pé ẹ̀ka náà ṣì wà láàyè ni.

Láti ìgbà gígé títí dé ìgbà gbígbìn

Kùtùkùtù àárọ̀ ni kí ẹ gé e. Ní gbogbo òru, gbòǹgbò igi ìyá ti fa omi sókè, oòrùn kò sì tíì gba omi lára ewé, nítorí náà ara ẹ̀ka kún fún omi ju ti ìgbàkigbà mìíràn lọ lójúmọ́. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin igi ìyá ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀ka tí a gé ní ọ̀sán gangan ti jẹ gbèsè omi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ mú ọ̀rá tí ẹ ti wọ́n omi díẹ̀ sí nínú dání, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bọ́ sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gé e, kí ẹ sì dì í lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti tó láti mú kí ewé kan rọ.

Ẹ̀ka tí kò ní òdòdó ni kí ẹ yàn. Tí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ já òdòdó àti ìrudi òdòdó kúrò, torí òdòdó máa ń gba oúnjẹ tí gbòǹgbò nílò. Igi tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ń fúnni ní ẹ̀ka tó rọrùn láti gbìn ju arúgbó igi lọ. Kí ara igi ìyá sì dá, torí ohunkóhun tó bá ń ṣe é ni ẹ máa gbé lọ.

Gígùn sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́wàá tó fún èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fi bíléèdì tàbí ọ̀bẹ tó mú, tí ẹ ti fi sípírítì tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́ nù, gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé díẹ̀, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Oríkèé ni ibi tí ewé ti jáde lára ọ̀pá ẹ̀ka. Ẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀: níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín pọ̀ sí, inú ọ̀pá sì sábà máa ń dí níbẹ̀, kódà lára ohun ọ̀gbìn tí inú ọ̀pá rẹ̀ ṣófo, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí ìjẹrà tètè rí ọ̀nà wọlé. Coleus, òdòdó kan tí ewé rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, lè yọ gbòǹgbò níbikíbi lára ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òdòdó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Sísọ́ọ̀sì tó kú máa ń tẹ ọ̀pá rírọ̀ fọ́, ibi tó bá sì fọ́ ló kọ́kọ́ ń rà.

Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ka náà wà ní ìhòòhò, kí ewé méjì sí mẹ́rin kù lókè. Ewé tó bá wọ inú ilẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì kó o ran ọ̀pá. Tí ewé bá fẹ̀, bíi ti hydrangea, a lè gé e dá sí méjì ní ìbú. Ewé kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun tí gígé rẹ̀ fi kún un.

Nípa ilẹ̀, kí ẹ gbàgbé èyí tó lọ́ràá. Ilẹ̀ ọlọ́ràá dára fún igi tó ti ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka gígé kò ní ohun tó máa fi jẹ oúnjẹ inú rẹ̀, iyọ̀ ajílẹ̀ lè jó o nídìí, kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan jẹrà sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni nǹkan tó mọ́, tó ń di omi díẹ̀ mú, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè kọjá nínú rẹ̀. Ìdajì yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi, tí a ti fọ̀, àti ìdajì èèpo àgbọn lílọ̀ tàbí peat (ohun ọ̀gbìn irà tó ti jẹrà di bí ilẹ̀), ti tó. Perlite, òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, lè gba ipò yanrìn. Yanrìn etí òkun kò dára, nítorí iyọ̀. Ẹ bu omi sí i, ẹ pò ó, ẹ bù ú sí ọwọ́, ẹ fún un: kí omi kán ẹyọ kan tàbí méjì. Tó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Kí ihò wà nídìí ike tàbí ìkòkò tí ẹ máa lò.

Ẹ kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kí ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, torí tí ẹ bá ń fi ẹ̀ka fúnra rẹ̀ gún ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á fọ́, àtíkè họ́mọ̀ọ̀nù tí ẹ bá fi kàn án (ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú) á sì ṣí dànù. Kí oríkèé kan ó kéré tán, tàbí méjì, wọlé. Ẹ fi ìka tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ka púpọ̀ lè jọ wà nínú ìkòkò kan, kí ewé wọn ṣáà má fara kan ara.

Ilé kékeré tí omi kì í ti í jáde

Ní nǹkan bí 1829, dókítà kan nílùú London, Nathaniel Ward, fi ìdin labalábá tó ń sùn sínú ìgò pẹ̀lú ilẹ̀ rínrin, ó sì dé e. Labalábá kọ́ ló fún un ní ìròyìn tó pọ̀ jù. Koríko àti fern hù nínú ìgò náà, wọ́n sì ń dàgbà láìsí ẹni tó ń bomi rin wọ́n. Omi tó ń jáde lára wọn ń gbára jọ sára ìgò, ó sì ń ṣàn padà sílẹ̀. Ní 1833, ó fi àpótí onígíláàsì méjì tí ohun ọ̀gbìn wà nínú wọn ránṣẹ́ láti England sí Sydney nínú ọkọ̀ ojú omi, ìrìn-àjò oṣù mélòó kan, wọ́n sì dé láàyè.

Ohun tí ẹ̀ka gígé nílò gan-an nìyẹn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó yí ewé ká bá ti kún fún omi, omi inú ewé kò rí ibi tó máa sá lọ. Ẹ kò nílò àpótí onígíláàsì. Ọ̀rá funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀, tí ẹ fi bo ìkòkò, tí ẹ fi igi méjì gbé sókè kó má bàa lẹ̀ mọ́ ewé, ṣe é. Ìgò ike ńlá tí a gé ìdí rẹ̀ náà ṣe é, ó tilẹ̀ dára jù ú lọ lójú tèmi, torí pé ọmọrí rẹ̀ ṣe é ṣí nígbà tí a bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ bomi sí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn gbígbìn, kó sẹ́ dáadáa, ẹ bò ó, ó parí. Tí ìrì bá ń wà lára ọ̀rá láàárọ̀, omi wà nínú ilé; ẹ má fi kún un. Ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ lè yí padà, kí ẹ sì yọ ewé tó bá ti jábọ́.

Ẹ̀rù ohun kan ló yẹ kó bà yín, oòrùn tààrà. Ìbòrí tó ń di omi mú ń di ooru náà mú, ìkòkò tó bá sì wà nínú oòrùn ọ̀sán yóò se ẹ̀ka tó wà nínú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Inú òkùnkùn náà kọ́ o. Ibòji tó mọ́lẹ̀ ni, níbi tí èèyàn ti lè kàwé láìtan iná ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí i lára. Ìwọ̀n ooru tó bá a lára mu jẹ́ 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá sì móoru ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀, gbòǹgbò á tètè yọ. Níbi tí òtútù wà, àwọn kan máa ń gbé ìkòkò lé ẹní oníná fún ìdí yìí. Níbi tí ooru ti pọ̀, ẹ wá ibi tó tutù jù, kí ẹ sì máa ṣí ìbòrí léraléra.

Àtíkè, oyin, àti ife omi

Àtíkè họ́mọ̀ọ̀nù kò pọn dandan fún gbogbo ohun ọ̀gbìn. Coleus, mint, efinrin àti ọ̀pọ̀ òdòdó tí ọ̀pá wọn rọ̀ ní auxin tó pọ̀ tó fúnra wọn. Fún hibiscus àti bougainvillea, ó ń ṣèrànwọ́ tó hàn sójú: gbòǹgbò á pọ̀ sí i, á sì tètè yọ. Èyí tí IBA inú rẹ̀ wà láàárín 0.1% sí 0.3% ni ti ẹ̀ka rírọ̀. Èyí tó le tó 0.8% wà fún ẹ̀ka tó ti gbó, ó lè ba ẹ̀ka rírọ̀ jẹ́. Ẹ da díẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ má ti ẹ̀ka bọ inú ìgò rẹ̀ tààrà, kí ọ̀rinrin àti àrùn má bàa ba èyí tó kù jẹ́. Ẹ ti ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí èyí tó pọ̀ jù jábọ́. Púpọ̀ rẹ̀ kì í mú iṣẹ́ yá; ńṣe ló ń dá gbòǹgbò dúró.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kí a fi oyin dípò rẹ̀. Oyin lè dènà àwọn kòkòrò àìfojúrí kan lójú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe họ́mọ̀ọ̀nù gbòǹgbò. Ẹni tó lò ó tí ẹ̀ka rẹ̀ yè, ẹ̀ka náà ì bá yè láìsí oyin.

Ní ti ife omi, kì í ṣe irọ́. Coleus àti mint ń yọ gbòǹgbò nínú omi lásán, ó sì dùn ún wò fún àwọn ọmọdé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbòǹgbò tó dàgbà nínú omi máa ń rọrùn láti ṣẹ́, kò sì mọ bí a ṣe ń wá omi nínú ilẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má dúró kó kún ife.

Àwọn tí òfin yìí kò bá mu

Ohun ọ̀gbìn tí ọ̀pá tàbí ewé rẹ̀ nípọn tó sì kún fún omi, tó fi mọ́ pelargonium, kì í fẹ́ ìbòrí. Omi tó wà nínú ara wọn tó wọn í ná, ọ̀rinrin púpọ̀ sì ń mú wọn jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ ná: wákàtí díẹ̀ tó fún pelargonium, ọjọ́ mélòó kan fún èyí tó nípọn gan-an. Ewé onírun, bíi ti lavender, náà kì í fẹ́ kí omi pẹ́ lára òun. Ẹ máa ṣí ìbòrí rẹ̀ léraléra. Àwọn tó ń sun oje funfun, ẹ ti ìdí wọn bọ omi títí oje yóò fi dá, kí ẹ tó gbìn wọ́n. Oje ìdílé euphorbia léwu fún ojú, ó sì ń yún ara, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Igi ọ̀pẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò ṣe é gé gbìn lọ́nà yìí rárá. Wọn kò ní ìpele sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín tó wà láàárín èèpo àti igi, tí ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tuntun ti ń yọ lára àwọn tó kù.

Kí ni ẹ̀ka ń sọ?

Bí ewé bá rọ ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ìdí ṣì le tó sì tutù yọ̀yọ̀, afẹ́fẹ́ ló gbẹ: ẹ wo ibi tí ìbòrí ti ya, tàbí kí ẹ gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹ má bomi sílẹ̀. Bí ìdí bá dúdú tó sì rọ̀ jọ̀bọ̀, omi inú ilẹ̀ ló pọ̀ jù, tàbí ọ̀bẹ kò mọ́. Ẹ yọ ọ́ kíá kó má kó ran àwọn yòókù. Tí orí rẹ̀ bá ṣì dára, a lè gé e lókè ibi tó dúdú, kí a tún un gbìn sínú ilẹ̀ tuntun. Nǹkan eléérú tó ń bo ewé láti òkè wá jẹ́ àmì pé afẹ́fẹ́ kò yí padà tó, ewé òkú sì wà nínú ilé. Bí ìdí bá wú, tó ní àpá funfun, tí ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀ láìsí gbòǹgbò, òtútù ló ń mú un tàbí ẹ̀ka náà ti gbó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi sùúrù bá a lò.

Ewé tuntun kì í ṣe ẹ̀rí gbòǹgbò. Ẹ̀ka lè fi èyí tó kù nínú ara rẹ̀ yọ ewé kan, kó sì kú lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rírọ̀ ń lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ rọra fi ìka méjì fà á sókè. Tó bá di ilẹ̀ mú, gbòǹgbò ti wà. Tó bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, ẹ tì í padà, kí ẹ má sì yọ ọ́ wò lójoojúmọ́, torí gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kì í tó nǹkan rárá kó tó ṣẹ́.

Gbogbo ẹ̀ka tó yè ni yóò jọ igi ìyá délẹ̀délẹ̀, nítorí igi ìyá náà ni, ní ara mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń gé ẹ̀ka òdòdó tí a ti pa oríṣi méjì pọ̀ di ọ̀kan, torí kóró rẹ̀ kì í jọ ọ́. Tí ewé igi ìyá bá ní àwọ̀ méjì, ẹ gé ẹ̀ka tí àwọ̀ méjèèjì hàn lára rẹ̀. Ẹ̀ka tó ti di àwọ̀ ewé lásán, lásán náà ni yóò jẹ́. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì náà ń bá a lọ, nítorí náà ẹ má gé lára igi tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n yẹ́lò tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ tà mọ̀ pé òfin dáàbò bo àwọn oríṣi tuntun kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1930, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gé irú wọn gbìn láìgba àṣẹ.

Yíyọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìbòrí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ti yè ń kú sí. Ewé tó dàgbà nínú afẹ́fẹ́ olómi kò tíì kọ́ bó ṣe ń pa ihò ara rẹ̀ dé nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, awọ ara rẹ̀ sì tín-ín-rín. Tí a bá ṣí i sílẹ̀ lójijì, yóò rọ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ ṣí ọmọrí ìgò fún wákàtí kan lónìí, kí ẹ fi kún un lọ́la, títí tó fi máa wà ní gbangba tọ̀sán-tòru lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tó dára. Ẹ di ewé rẹ̀ mú, ẹ má di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ewé kan lè bàjẹ́ kí òmíràn yọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní. Láti ìsinsìnyí ló di ohun ọ̀gbìn tó lè mu omi, ẹ sì lè bomi rin ín bíi ti àwọn yòókù. Ajílẹ̀ díẹ̀, tí a fi omi là dáadáa, lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti ń yọ ewé tuntun nínú ìkòkò náà. Tó bá ti ní oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ já ọ̀mùnú orí rẹ̀, kí ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ lè yọ, kó má bàa jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo ni yóò máa ga lọ.